Ìrètí, alẹ́, àárọ̀: bí a ṣe fún fíìmù adẹ́rùbani ní máàkì nílé wa

Ẹni tó bá sọ fún yín pé fíìmù kan "dẹ́rù bani gan-an" kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣé ìgbà tó ń wò ó lọ́wọ́ ni ẹ̀rù bà á ni, àbí ìgbà tó fẹ́ dìde lọ tọ̀ lóru? Ìdí nìyẹn tí èmi àti àbúrò mi obìnrin fi jókòó ti àwọn fíìmù bíi mélòó kan lásìkò ìsinmi, tí a sì fọwọ́ ara wa fún wọn ní máàkì. Bí a ṣe ṣe é rèé, bóyá ẹ̀yin náà á fẹ́ dán an wò.

Ìwé kan la mú, a fa ilà mẹ́ta sí i: ìrètí, alẹ́, àárọ̀. Lábẹ́ ìrètí, kálukú kọ máàkì tó rò pé fíìmù náà máa gbà nínú 10 kí a tó tàn án rárá. Lábẹ́ alẹ́, a kọ iye tí a fún un bó ṣe parí gẹ́lẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó dìde, láìyọjú wo ti ẹnì kejì. Ilẹ̀ á mọ́, a ó jẹun, lẹ́yìn náà la ó kọ ti àárọ̀. Lójú tèmi, ti àárọ̀ ni máàkì gidi. Ojúsàájú pọ̀ nínú ti alẹ́ torí àyà ṣì ń já. Ìrètí ní tirẹ̀ ló ń jẹ́ kí a mọ fíìmù tó jáni kulẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa. Fíìmù tí o retí 3 lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì gbé 3 wá, kò jẹ ọ́ ní gbèsè. Èyí tí o retí 8 lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá gbé 3 kalẹ̀, ìyẹn lo lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí.

Ọ̀rọ̀ yàrá ló kàn. Òkùnkùn dáa, àmọ́ ohùn ló ṣe pàtàkì jù. Ọ̀sán tí iná wà la ti ṣáàjì laptop àti sípíkà, torí pé ẹni tó bá tan jẹnẹrétọ̀ láti wo fíìmù adẹ́rùbani ti ba iṣẹ́ jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ni irú fíìmù bẹ́ẹ̀ fi ń mú èèyàn. Fóònù wọ inú dúrọ́ọ̀. Gúgúrú àti ẹ̀pà wà, ṣùgbọ́n a jẹ ẹ́ tán ká tó pa iná. Rírún ẹ̀pà lẹ́nu ti ba ìran tó dáa jẹ́ fún mi rí.

Halloween tí John Carpenter ṣe ní 1978 la fi bẹ̀rẹ̀. Mo kọ 7 sí ìrètí, àbúrò mi kọ 4, ó ní fíìmù tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó bí òun kò lè dẹ́rù ba òun. Carpenter fúnra rẹ̀ ló ṣe orin inú rẹ̀. Dùùrù náà ń lọ ní márùn-ún márùn-ún dípò mẹ́rin tí etí mọ̀, kì í jẹ́ kí ara balẹ̀. Ó ní bàbá òun ló kọ́ òun ní lílù yẹn nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ó tún ti sọ pé kí òun tó fi orin sí fíìmù náà, òun fi han ọ̀gá kan láti iléeṣẹ́ fíìmù, ẹ̀rù kò sì bà á rárá. A ní ká wò ó bóyá òótọ́ ni. Ibi tí ọmọbìnrin tí apààyàn ń lé ti sá kọjá títì, tó ń gbá ilẹ̀kùn, a pa ohùn rẹ̀. Gbogbo ohun tí a rí ò ju ọkùnrin kan tó wọ ìbòjú funfun lọ, tó ń rìn bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ ra búrẹ́dì. A dá ohùn padà, a tún ibẹ̀ wò, àbúrò mi sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó fún un ní 8 lálẹ́, 6 láàárọ̀. Èmi fún un ní 8, mi ò sì yí i padà.

Fíìmù tuntun kan tẹ̀ lé e tí mi ò ní dárúkọ. Kò sí ìṣẹ́jú kan tí nǹkan kì í já lù wá pẹ̀lú ariwo. Ó gba 7 lálẹ́, 2 láàárọ̀, ìyẹn náà nítorí pé mo rántí àwọ̀ ilé wọn.

Ìjákulẹ̀ tó dùn mí jù ni ti The Exorcist, ìtàn àwọn àlùfáà tó ń lé ẹ̀mí èṣù jáde lára ọmọbìnrin kan. Kì í ṣe ti 1973 o. Tìyẹn ṣì le: William Friedkin ní kí wọ́n sọ yàrá ọmọ náà di òtútù gidi kí èémí àwọn òṣèré lè máa rú bí èéfín, ẹ ó sì rí i pé ara wọn ń gbọ̀n ní tòótọ́. Màmá wa, tí wọ́n fi Agbára Ńlá ti Mount Zion tọ́ wa dàgbà, dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó díẹ̀. "Àlùfáà yìí ò gbààwẹ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sí ìdáná. Ó gba 9 láàárọ̀.

Torí náà, àwa méjèèjì kọ 8 sí ìrètí fún apá kejì rẹ̀, èyí tí John Boorman ṣe ní 1977. Ẹ̀rọ kan ń tan iná bàìbàì tó ń so ọkàn ẹni méjì pọ̀. Eéṣú ń fò káàkiri. James Earl Jones sì jáde nínú rẹ̀, ó ń jẹ́ Kokumo, ọmọ tí ẹ̀mí èṣù náà ti gbé wọ̀ rí nílẹ̀ Áfíríkà, tó wá dàgbà di onímọ̀ nípa eéṣú. Bí a ṣe gbọ́ orúkọ náà, a pariwo. Láti ìdáná, Màmá ní ká wò ó dáadáa bóyá wọ́n ti sàmì sí i lára. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rín la rín títí ó fi parí. Fíìmù àkọ́kọ́ há wa mọ́ yàrá kan, kò sì dáhùn ìbéèrè. Èyí gbé wa rìnrìn àjò, ó ń ṣàlàyé gbogbo nǹkan. Bí wọ́n bá ti jókòó ti ẹ̀mí èṣù tí wọ́n ń ṣàlàyé rẹ̀, ẹ̀rù ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. 3 lálẹ́, 2 láàárọ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ náwó, kó wo Night of the Living Dead ti George Romero, 1968, ìtàn àwọn òkú tó dìde tí wọ́n ń jẹ ẹran ara èèyàn. Nígbà tí wọ́n pa orúkọ fíìmù náà dà, wọ́n gbàgbé láti dá àkọlé ẹ̀tọ́ oníǹkan (copyright) padà sí i, ó sì di ti gbogbo ayé lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà. Ó wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Dúdú àti funfun ni, ṣokoléètì olómi ni wọ́n sì fi ṣe ẹ̀jẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, obìnrin kan kúnlẹ̀ gbàdúrà níbi sàréè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n náà fi kú. Màmá fún un ní 10 lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì lọ sùn. Èmi retí 5, mo fún un ní 6 lálẹ́. Láàárọ̀, mo kọ 9. Duane Jones, aláwọ̀ dúdú, ni olórí òṣèré, lọ́dún tí wọ́n pa Martin Luther King. Mi ò ní sọ bó ṣe parí, àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kẹ́yìn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè fọ ẹnu dáadáa.

A wo Ojuju ti C.J. Obasi (2014) tẹ̀ lé e, torí pé ọmọ ìyá ni wọ́n: Gabriel Afolayan, ọmọ Adé Love, ló ṣe olórí òṣèré, Romero sì ni orúkọ tí wọ́n fún un nínú rẹ̀. Omi ẹlẹ́gbin ní àdúgbò kan ní Èkó ló ń sọ àwọn èèyàn di ajẹran-ara. Kò sí owó nínú rẹ̀, ó sì hàn. Mo fún un ní 5 lálẹ́. Àmọ́ nígbà tí mo gbé garawa lọ sídìí kànga ládùúgbò wa lọ́jọ́ kejì, mo sọ ọ́ di 7.

Juju Stories (2021) la fi parí. Olùdarí mẹ́ta ló ṣe ìtàn mẹ́ta nínú rẹ̀, torí náà a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Ti oògùn ìfẹ́ gba 5, ti àjẹ́ gba 7. Ti Abba Makama ló dá ìjà sílẹ̀: ẹni tó mú owó nílẹ̀ lójú ọ̀nà di iṣu. Mo fún un ní 8. Àbúrò mi kọ 3, ó ní òun rẹ́rìn-ín jù. Mo bi í pé bó bá rí ẹgbẹ̀rún náírà nílẹ̀ níwájú ilé wa nísinsìnyí, ṣé ó máa mú un?

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn ò kan fíìmù."

Mo ní òun gan-an ló kàn. A ò tíì parí rẹ̀. Àyè àárọ̀ tirẹ̀ ṣì ṣófo nínú ìwé.