Bí a ṣe ń gbáradì fún ìdánwò òfin ní ọdún kìíní láìjẹ́ kí àyà já jù

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó wà ní ọdún kìíní kì í sábà bẹ̀rù nítorí pé kò kàwé. Ọ̀pọ̀ wọn ti kà á títí ojú fi ń ta wọ́n. Ohun tó ń já wọn láyà ni pé wọ́n ka ìwé tán, wọ́n wo ìbéèrè, wọn ò sì mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe rí fún èmi náà nìyẹn nínú ìdánwò òfin àdéhùn tí mo kọ́kọ́ ṣe: orúkọ ẹjọ́ kún orí mi bámúbámú, àmọ́ ohun tí ìbéèrè ń wá kọ́ nìyẹn.

Mọ ohun tí wọ́n ń bi ọ́

Bó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó ìbéèrè ìdánwò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn jọ. Má tíì dáhùn wọn, kàn kà wọ́n. Wàá rí i pé oríṣi méjì ló pọ̀ jù: èyí tó ní kí o jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan, àti èyí tó sọ ìtàn fún ọ, tó wá ní kí o gba àwọn tó wà nínú rẹ̀ nímọ̀ràn. Onítàn yìí ló ń da orí àwọn ọmọ tuntun rú, nítorí náà òun ni kí o kọ́kọ́ dojú kọ.

Fi ìtàn kékeré kọ́ ọwọ́ rẹ

Ká ní ìbéèrè lọ báyìí. Ajá ẹnì kan sọnù, ó lẹ ìwé mọ́ ògiri pé owó wà fún ẹni tó bá dá a padà. Aládùúgbò kan rí ajá náà, ó mọ ẹni tó ni ín, ó fà á lọ sílé fún un. Ọjọ́ kejì ló tó rí ìwé ara ògiri. Ṣé ó lè gba owó yẹn?

Ọ̀nà mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní IRAC (Issue, Rule, Application, Conclusion lédè Gẹ̀ẹ́sì) ni kí o tọ̀. Kọ́kọ́ sọ ohun tí àríyànjiyàn dá lé: ṣé èèyàn lè fara mọ́ ìlérí tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe? Lẹ́yìn náà, sọ òfin tó kàn án: àdéhùn kì í dúró àfi kí ẹnì kan gbé nǹkan kalẹ̀, kí ẹnì kejì sì gbà á. Ẹ̀kẹta, fi òfin wé ìtàn. Ibí ni máàkì pọ̀ sí jù, ibí náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré kọjá.

Nínú ẹjọ́ Carlill ọdún 1893 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ kan polówó bọ́ọ̀lù oògùn tí wọ́n ń fà símú. Wọ́n ní ẹni tó bá lò ó bó ṣe yẹ, tí ọ̀fìnkìn ṣì mú un, yóò gba 100 pọ́ọ̀nù. Ìyáàfin Carlill ti ka ìpolówó náà kó tó rà á. Ó lò ó, ọ̀fìnkìn mú un, ilé ẹjọ́ sì ní kí wọ́n sanwó fún un. Aládùúgbò tiwa kò ka nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sún mọ́ ti Clarke, ẹni tí ilé ẹjọ́ gíga Ọsirélíà kọ̀ láti fún lówó ní 1927, nítorí pé torí kó lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ló ṣe sọ ohun tó mọ̀ fún ọlọ́pàá, kì í ṣe torí owó tí wọ́n ṣèlérí. Ẹ̀kẹrin, sọ ibi tí o parí sí: ó jọ pé owó náà kò tọ́ sí aládùúgbò.

Ẹjọ́ méjì péré ni mo lò. Ẹni tó to ẹjọ́ mọ́kànlá sílẹ̀ láìfi ìkankan wé ọ̀rọ̀ ajá yẹn kò tíì dáhùn ìbéèrè.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Máa kọ irú ìdáhùn yìí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí aago máa ka ìṣẹ́jú fún ọ. Àkọ́kọ́ yóò burú. Jẹ́ kó burú.

Pa ìwé dé

Bí o bá ń ka ojú ìwé kan lákàtúnkà, yóò máa ṣe ọ́ bíi pé o ti mọ̀ ọ́n. Má gbà á gbọ́. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì, Roediger àti Karpicke, dán èyí wò ní 2006: lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún ìwé kà ló rántí jù, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa á dé tí wọ́n sì gbìyànjú láti rántí ohun tí wọ́n kà ló wá rántí jù. Nítorí náà, pa ìwé dé, kí o sọ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan síta: kí ló ṣẹlẹ̀, kí ni adájọ́ sọ, kí ló dé? Sọ ọ́ fún ẹni tí kò kọ́ òfin. Bí kò bá yé e, padà sídìí ìwé.

Oorun

Sùn. Kọfí tí o mu nírọ̀lẹ́, nǹkan bí ìdajì kaféènì inú rẹ̀ lè ṣì wà lára rẹ lẹ́yìn wákàtí márùn-ún. Bí oorun tàbí oúnjẹ bá sì ti kọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ìrònú láti pa ara rẹ lára bá ń wá, lọ rí dókítà lónìí. Ìyẹn ti kọjá másùnmáwo ìdánwò.

Nínú gbọ̀ngàn

Wákàtí mẹ́ta fún ìbéèrè mẹ́rin túmọ̀ sí ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àkókò ọ̀kan bá pé, fi àyè sílẹ̀, kí o bọ́ sí èyí tó kàn. Máàkì àkọ́kọ́ nínú ìbéèrè tuntun rọrùn ju èyí tó kẹ́yìn nínú èyí tí o ń fà nídìí lọ.

Bí orí rẹ bá ṣófo lójijì, fa èémí sínú kí o ka ení dé ẹẹ́rin, tú u síta kí o ka ení dé ẹẹ́fà, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn náà, kọ orúkọ àwọn tó wà nínú ìtàn náà sílẹ̀, àti ohun tí oníkálukú ń fẹ́. Lẹ́nu ìyẹn, ọwọ́ tí o ti kọ́ nílé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rántí.

Nígbà tó bá parí, má dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gbọ́ ohun tí àwọn yòókù kọ. Ẹnì kan yóò dárúkọ ẹjọ́ tí o kò gbọ́ rí, ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an ló ṣì í. Lọ jẹun, kí o sì wo ọjọ́ tí ìdánwò tó kàn bọ́ sí.