Tíkẹ́ẹ̀tì Orí Kọ̀ǹpútà: Bí Ìjókòó Kan Kò Ṣe Ní Di Ti Ẹni Méjì

Láyé tíkẹ́ẹ̀tì bébà, ńṣe ni wọ́n máa ń há a fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan: ti ibí á tán, ti ọ̀hún á kù sílẹ̀. Ticketmaster, ilé iṣẹ́ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Arizona ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1976, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di pé gbogbo ibi ìtajà ń wo àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo. Àkọsílẹ̀ yẹn ni tíkẹ́ẹ̀tì gan-an. Kóòdù QR ojú fóònù, àmì onígun mẹ́rin tí wọ́n ń yẹ̀ wò ní géètì, kàn ń tọ́ka sí i ni.

Ká ní ẹ fẹ́ ṣe eré orin, tí gbọ̀ngàn yín sì gba èèyàn 2,000. Ẹ má tíì tẹ 2,000 sínú ẹ̀rọ. Ẹ rìn yí i ká, kí ẹ yọ àga tí sípíkà bò lójú àti àyè tí ẹni tó ń darí ohùn yóò tẹ́ tábìlì sí. Bó bá ku 1,850, òun ni kí ẹ tà. Tíkẹ́ẹ̀tì àwọn àlejò olórin pàápàá gbọ́dọ̀ wọ àkọsílẹ̀, kí iye owó rẹ̀ jẹ́ òdo.

Bí ẹnì kan bá mú ìjókòó, ẹ̀rọ á fi pa mọ́ fún un kó lè sanwó. Ìṣẹ́jú 10 tó fún oníkáàdì. Tránsífà ni kí ẹ ṣọ́ra fún: owó lè pẹ́ kó tó wọlé, kí ẹ̀rọ ti tú ìjókòó náà sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 30, kí ẹ má sì gba tránsífà mọ́ lọ́jọ́ eré.

Ní géètì, bí yíyẹ ẹnì kan wò bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 6, fóònù kan tí òṣìṣẹ́ yín fi ń yẹ kóòdù wò á gba ẹni 10 wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Bí 1,200 bá rọ́ dé ní wákàtí tó ṣáájú eré, fóònù méjì ló tó lórí ìwé. Ẹ lo mẹ́rin. Bátìrì ẹlòmíì á ti kú, ẹlòmíì á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá í-meèlì rẹ̀ kiri.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ẹ ti gba gbogbo àkọsílẹ̀ sórí fóònù kí géètì tó ṣí. Síbẹ̀, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, fóònù kan kò ní mọ ẹni tí èkejì ti gbà wọlé. Screenshot kan náà á kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Torí náà, ẹ pín ìjókòó láàárín àwọn fóònù géètì látìbẹ̀rẹ̀: fóònù kan fún VIP, òmíràn fún ìlà A sí H, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dà kejì kò ní ríbi gbà ju ọ̀dọ̀ fóònù tó ti rí àkọ́kọ́.

Bí fóònù géètì bá fi pupa hàn, pé kóòdù náà ti wọlé tẹ́lẹ̀, ẹ má jiyàn lórí ìlà. Ẹ mú onítọ̀hún lọ sí tábìlì ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wo aago tí kóòdù náà kọ́kọ́ wọlé àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó rà á.

Lẹ́yìn eré, ẹ fi iye kóòdù tó wọlé wé iye orí tí ẹ̀ṣọ́ kà. Bí orí bá pọ̀ ju kóòdù lọ, ẹ lọ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.