Bí Mo Ṣe Fi Táyà Tó Bẹ́ Gba Ẹ̀tọ́ Àbúrò Mi

“Ẹ̀gbọ́n mi, apá mi o!” Igbe àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí ọkọ̀ dúró. Táyà ẹ̀yìn ló bẹ́ lórí eré, ọkọ̀ yí po, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lu irin etí títì. Egungun apá rẹ̀ ti kán.

Ọjọ́ náà gan-an la dé ilé ìwòsàn. Èmi náà ní kí dókítà yẹ̀ mí wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò síbi tó ń dùn mí. Ọjọ́ kejì ni ọrùn mi le gan-an, mo sì dúpẹ́ pé orúkọ mi ti wà nínú ìwé wọn.

Ẹni tó wá bá wa pààrọ̀ táyà fẹ́ bá mi sọ èyí tó bẹ́ nù. Inú rere ló fi ṣe é. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e sínú bùútù. Mo ya fọ́tò ipa táyà lójú títì, mo sì ṣa àwọn àjákù rọ́bà tó wà létí ọ̀nà. Àwọn tó bọ́ sáàárín títì, mo fi wọ́n sílẹ̀.

Oṣù mẹ́ta péré ni mo ti lo táyà yẹn. Tuntun ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n tà á fún mi. Ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀, àwọn rọ́bà tínínrín bí irun ṣì wà lára rẹ̀. Kí ló wá bẹ́ ẹ? Mo ti gbọ́ rí pé nọ́ńbà mẹ́rin máa ń parí àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn jẹ́ ọdún. Mo wá a títí lápá ìta, mi ò rí i. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ táyà máa ń ní in pé, tèmi sì ti kọjú sínú. Mo yí i padà, mi ò fọ̀ ọ́, tọ́ọ̀ṣì ni mo tàn sí i: 2316. Ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2016. Ọdún 2023 ni mo rà á!

Rọ́bà a máa gbó láìfojú kan títì. Afẹ́fẹ́ àti ooru á máa gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ojú rẹ̀ á fi bó kúrò lára waya inú rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan tilẹ̀ ní kí a pààrọ̀ táyà tó bá ti pé ọdún 6, bó ti wù kí ojú rẹ̀ jinlẹ̀ tó. Mo yẹ mẹ́ta yòókù wò, nọ́ńbà kan náà ni. Mo tú gbogbo wọn.

Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ adójútòfò ẹni tó tà á fi gbé owó àti ìwé kan wá. Owó náà tó tún ọkọ̀ ṣe, ó sì wọ̀ mí lójú. Àmọ́ ìwé náà ní tí mo bá ti fọwọ́ sí i, kò sí ohun tí èmi tàbí àbúrò mi tún lè béèrè mọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ abẹ ṣì kù níwájú rẹ̀. Mi ò fọwọ́ sí i. Mo ṣì rò ó pé ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe.

“Táyà náà dà?” ni agbẹjọ́rò kọ́kọ́ bi mí. Ó ní kí n tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ, kí ẹnikẹ́ni má gé e títí àwọn onímọ̀ ti ìhà méjèèjì fi máa yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní èmi ni mo ra táyà, ṣé àbúrò mi tó kàn jókòó sínú ọkọ̀ lè pe ẹjọ́? Ó sọ ìtàn ẹjọ́ MacPherson àti Buick, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀, fún mi, ní New York, ọdún 1916. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ MacPherson tí wọ́n fi igi ṣe fọ́, ilé iṣẹ́ náà sì ní ọwọ́ àwọn kọ́ ló ti ra ọkọ̀ náà. Adájọ́ Cardozo kò gbà: ẹni tó ṣe ohun tó lè pani lára bí kò bá dára gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nítorí ẹni tó máa lò ó. Agbẹjọ́rò tún kìlọ̀ pé gbèdéke àkókò wà fún pípe irú ẹjọ́ yìí, tí kò dọ́gba láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì.

Lójoojúmọ́ ni àbúrò mi ń kọ ohun tí kò lè ṣe sílẹ̀: kò lè ya irun ara rẹ̀, kò lè dé bọ́tìnnì. Ìwé yẹn wà lára ẹ̀rí, pẹ̀lú rìsíìtì àti owó iṣẹ́ tó pàdánù.

Wọ́n san owó gbà-má-bínú kó tó di ìgbẹ́jọ́. Ọjọ́ tí a fọwọ́ sí ìwé ni agbẹjọ́rò tó sọ fún mi pé mo lè ju táyà náà nù.