Bí ẹ ṣe lè gba kóòdù kernel Linux kí ẹ sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà yín nígbà àkọ́kọ́

Kernel ni ọkàn Linux, ètò tó wà láàárín ẹ̀rọ àti àwọn ètò yòókù; kíkọ́ rẹ̀ ni sísọ kóòdù rẹ̀ di ètò tí ẹ̀rọ lè lò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ kernel, mo rò pé iṣẹ́ ti yọrí. Kọ̀ǹpútà tan, Wi-Fi gbé, orin dún. Mo tẹ `uname -r`, mo rí orúkọ tí èmi fúnra mi fún un níbẹ̀, inú mi dùn gan-an. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó ki flash bọ ojú USB láti kó fáìlì kan. Iná kékeré ara flash náà tàn, àmọ́ kò sí ohun tó jáde lójú kọ̀ǹpútà. Mo yọ ọ́, mo kì í bọ ojú kejì, bákan náà ló rí. Flash náà kò bàjẹ́. Kernel tí mo kọ́ ni kò mọ ohun tó ń jẹ́ flash.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń bẹ̀rù kọ́ ló máa ń dá a dúró. Kóòdù ló ń bẹ̀rù, pé ó pọ̀, pé èdè C ni wọ́n fi kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ lè kọ́ ọ láìka ẹyọ ìlà kan nínú rẹ̀. Fáìlì kan tó ń jẹ́ `.config` ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́, ibẹ̀ ni mo sì máa pẹ́ sí jù. Ẹni tó ń lo Debian tàbí Ubuntu ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí tiyín bá jẹ́ Fedora tàbí Arch, ọ̀nà kan náà ni, orúkọ àwọn irinṣẹ́ àti bí a ṣe ń gbé kernel wọlé ló yàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ lò ó fún. Mo ti rí ẹni tó ń wá kóòdù kernel kiri, tó jẹ́ pé driver Wi-Fi (ètò tó ń jẹ́ kí Wi-Fi ṣiṣẹ́) tàbí VirtualBox (ètò tí a fi ń tan kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà) ló ní kó mú un wá. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò odidi kóòdù. Headers ló nílò, ìyẹn ìwọ̀nba fáìlì tí wọ́n fi ń kọ́ module (ẹ̀yà kernel tó dá dúró) tó máa bá kernel orí ẹ̀rọ náà mu. Àṣẹ kan ti tó:

`sudo apt install linux-headers-$(uname -r)`

Bó bá jẹ́ ohun tó gbé yín wá nìyẹn, ẹ dúró síbẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kọ́ ọ gan-an, ó tọ́ sí yín. Láti ọdún 1992 ni Linus Torvalds ti fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL, ọdún kan lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki. Ẹnikẹ́ni ló lè gbà á, tú u wò, kó sì yí i padà.

kernel.org ni ilé rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí mainline, stable àti longterm. Mainline ni iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀. Bí `rc` bá wà nínú nọ́ńbà rẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ṣì ń dán an wò. Stable ni èyí tí wọ́n ti gbé jáde, tí àtúnṣe máa ń bá fún ìwọ̀nba oṣù. Longterm ni wọ́n ń tọ́jú fún ọdún púpọ̀, òun sì ni kí ẹ mú. Bí nǹkan bá dàrú, ẹ fẹ́ mọ̀ pé ohun tí ẹ yí padà ló fà á, kì í ṣe kóòdù tí wọn kò tíì dán wò tán. 6.12 ni mo máa lò níbí, longterm tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ bá bá níbẹ̀ rọ́pò tèmi.

`mkdir ~/kernel`
`cd ~/kernel`
`wget -c https://cdn.kernel.org/pub/linux/kernel/v6.x/linux-6.12.30.tar.xz`
`wget -c https://cdn.kernel.org/pub/linux/kernel/v6.x/linux-6.12.30.tar.sign`

`-c` yẹn ṣe pàtàkì. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, ẹ tún àṣẹ náà tẹ̀, yóò sì máa bá a lọ láti ibi tó dé. Inú fódà tiyín ni kí ẹ ti ṣe é, ẹ má ṣe é ní `/usr/src/linux`; ìwé tó wà nínú kóòdù náà pàápàá kìlọ̀ nípa èyí. Ẹ má sì jẹ́ kí àlàfo wà nínú orúkọ fódà. `kernel mi` kò ní ṣiṣẹ́, `kernel-mi` á ṣiṣẹ́.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe kóòdù, gbà á. Lóòótọ́, torí kernel yìí gan-an ni Torvalds ṣe kọ git ní ọdún 2005. Àmọ́ bí ẹ bá fi git gba gbogbo rẹ̀, ìtàn gbogbo àtúnṣe á bá a wá, á sì ju 1 GB lọ dáadáa. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ dìgbà tí ẹ bá fẹ́ máa tún kóòdù ṣe.

Fáìlì kejì, èyí tó parí sí `.sign`, ni àwọn èèyàn máa ń fò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Kò sí ètò tó ní àṣẹ lórí ẹ̀rọ yín tó kernel. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ lè ka gbogbo fáìlì yín. Ìbuwọ́lù ẹni tó gbé kóòdù náà jáde ni `.sign`, òun lẹ ó fi mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà. Ohun tó máa ń rú èèyàn lójú ni pé fáìlì `.tar` ni wọ́n buwọ́ lù, kì í ṣe `.tar.xz`. Nítorí náà, ẹ tú xz kúrò kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò:

`unxz linux-6.12.30.tar.xz`
`gpg --verify linux-6.12.30.tar.sign`

Nígbà àkọ́kọ́, gpg, irinṣẹ́ tó ń yẹ ìbuwọ́lù wò, á ní òun kò ní kọ́kọ́rọ́ tí òun máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí kernel.org, ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa signatures ní àṣẹ tí ẹ ó fi gba kọ́kọ́rọ́ Torvalds àti ti Greg Kroah-Hartman, ẹni tó ń gbé stable jáde. Ohun tí ẹ fẹ́ rí ni `Good signature`. Ìkìlọ̀ kan á tẹ̀ lé e pé kọ́kọ́rọ́ náà kò ní ẹlẹ́rìí tí ẹ fọkàn tán. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe, ó kàn ń sọ pé ẹ̀yin fúnra yín kò tíì jẹ́rìí sí i. Bó bá jẹ́ `BAD signature` ló jáde, ẹ pa fáìlì náà rẹ́, kí ẹ tún un gbà.

`tar -xf linux-6.12.30.tar`
`cd linux-6.12.30`

Fódà `drivers` ló tóbi jù nínú gbogbo ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí kernel ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ ṣí `init/main.c`, kí ẹ wá `start_kernel`. Mo fẹ́ràn láti máa ka ibẹ̀. Ó ń pe àwọn iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó jí láàárọ̀ tó ń ṣílẹ̀kùn yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn.

Àwọn irinṣẹ́ tí ẹ nílò nìyí:

`sudo apt install build-essential bc bison flex libssl-dev libelf-dev libncurses-dev dwarves cpio kmod rsync debhelper`

Ẹ fi `df -h .` wo àyè tó kù lórí dísíkì. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ bí àyè tó ṣófo kò bá tó 30 GB.

Ó wá ku `.config`. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbéèrè ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń bi yín bóyá ẹ fẹ́ kí kernel mọ nǹkan kan: irú dísíkì báyìí, káàdì Wi-Fi báyìí. `y` túmọ̀ sí pé kí ó wà lára kernel fúnra rẹ̀ nígbà gbogbo. `m` túmọ̀ sí pé kí wọ́n kọ́ ọ ní module, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí kernel máa pè é nígbà tí iṣẹ́ bá kàn án. Èyí tí ẹ kò fẹ́, wọ́n á kọ ọ́ báyìí: `# CONFIG_USB_STORAGE is not set`. Ẹ má wo àmì `#` yẹn bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan. Ìdáhùn ni. Ìlà yìí gan-an ni mo bá nígbà tí mo wá ìdí tí flash mi kò ṣe ṣiṣẹ́.

Kò sí ẹni tó yẹ kó dáhùn gbogbo ìbéèrè yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kernel tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín báyìí ti dáhùn wọn, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ da ìdáhùn rẹ̀ kọ:

`cp /boot/config-$(uname -r) .config`
`make olddefconfig`

Àṣẹ kejì máa ń fi ìdáhùn tí àwọn tó kọ kernel dábàá sí ìbéèrè tuntun tí kò sí nínú ti àtijọ́.

Níbí ni mo ti ṣìnà lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i kà pé `make localmodconfig` máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ yá, mo sì lò ó. Òótọ́ ni. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, iṣẹ́ tó ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì di nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Bó ṣe ń ṣe é ni pé á wo àwọn module tó ń ṣiṣẹ́ lásìkò yẹn, á sì yọ èyí tó kù dànù. N kò ki flash kankan bọ ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, nítorí náà module flash kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ó sì bá àwọn tí wọ́n yọ lọ. Bí mo bá ń lò ó lónìí, mo máa ń kọ́kọ́ ki gbogbo ohun tí mo ní mọ́ ọn: flash, ìtẹ̀wé, kámẹ́rà, gbohùngbohùn, títí kan wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, ẹ má lò ó rárá. Ẹ jẹ́ kó pẹ́. Kernel tó mọ ohun gbogbo ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́.

Ó ku ohun mẹ́ta tí mo máa ń yí padà:

`scripts/config --set-str LOCALVERSION "-idanwo"`
`scripts/config --set-str SYSTEM_TRUSTED_KEYS ""`
`scripts/config --set-str SYSTEM_REVOCATION_KEYS ""`
`scripts/config -d DEBUG_INFO_DWARF_TOOLCHAIN_DEFAULT -d DEBUG_INFO_DWARF5 -e DEBUG_INFO_NONE`
`make olddefconfig`

Ti àkọ́kọ́ ni orúkọ tí ẹ ó fi dá kernel yín mọ̀. Lẹ́tà kékeré nìkan ni kí ẹ lò, ẹ má fi àmì ohùn sí i. Méjì tó tẹ̀ lé e jẹ mọ́ ìwé ẹ̀rí tí Debian tàbí Ubuntu fi ń kọ́ kernel tiwọn. Ìwé ẹ̀rí náà kò sí lọ́wọ́ yín, bí ẹ kò bá sì mú orúkọ rẹ̀ kúrò, iṣẹ́ á dúró pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi `No rule to make target 'debian/canonical-certs.pem'`. Èyí tó kẹ́yìn ń yọ ìsọfúnni tí àwọn tó ń ṣàwárí àṣìṣe nínú kernel ń lò. Ẹ kò nílò rẹ̀, ó sì máa ń jẹ dísíkì gan-an.

Bó bá wù yín, ẹ fi `make menuconfig` wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ `/`, ẹ lè wá orúkọ tí ẹ bá fẹ́. Ohun tí ẹ kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má pa á.

Kíkọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà:

`make -j$(nproc) bindeb-pkg 2>&1 | tee ../iroyin.log`

Bó bá dúró lójijì, ìlà tó kẹ́yìn kọ́ ni kí ẹ kà. Iṣẹ́ púpọ̀ ló ń lọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ibi tó ti kọ́kọ́ kọsẹ̀ lè wà lókè pátápátá. Ẹ ṣí `iroyin.log`, kí ẹ wá `error` tàbí `***` tó kọ́kọ́ jáde. Bó bá jẹ́ `Unmet build dependencies` ni, orúkọ irinṣẹ́ tó kù wà níwájú rẹ̀. Ẹ fi apt gbà á, kí ẹ tún àṣẹ náà tẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń lo `bindeb-pkg`, tí n kì í lo `make install`, ni pé fáìlì `.deb` ló máa ń fi sílẹ̀ nínú fódà tó wà lókè. apt mọ̀ ọ́n, ó sì lè yọ ọ́ kúrò láìku nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ fi `df -h /boot` rí i pé àyè wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà:

`sudo dpkg -i ../linux-image-6.12.30-idanwo_*.deb ../linux-headers-6.12.30-idanwo_*.deb`

Ẹ ó rí `linux-libc-dev` níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má sì yọ kernel àtijọ́, torí òun lẹ máa padà sí bí tuntun bá kọ̀.

Kí ẹ tó pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tàn, ẹ tẹ `mokutil --sb-state`. Bó bá sọ pé SecureBoot wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ náà kò ní gba kernel yín, nítorí kò sí ìbuwọ́lù tó mọ̀ lára rẹ̀. Ẹ lè fi kọ́kọ́rọ́ tiyín buwọ́ lù ú, tàbí kí ẹ pa Secure Boot nínú ètò UEFI, ìyẹn ètò tó ń tan ẹ̀rọ. Bí Windows bá wà lórí ẹ̀rọ kan náà, ẹ kọ́kọ́ wá kọ́kọ́rọ́ BitLocker yín (BitLocker ni Windows fi ń ti dísíkì) sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí Windows lè béèrè rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Bí ẹ̀rọ bá ń tan, ẹ tẹ Esc tàbí kí ẹ di Shift mú kí GRUB, ibi tí a ti ń yan kernel, lè jáde, kí ẹ mú kernel yín lábẹ́ Advanced options. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá dúdú pẹ̀lú `Kernel panic` àti `Unable to mount root fs`, ẹ má bẹ̀rù, kò sí ohun tó ṣe fáìlì yín. Ẹ pa á, ẹ gba ojú ọ̀nà kan náà wọ kernel àtijọ́, kí ẹ tẹ `sudo update-initramfs -c -k 6.12.30-idanwo` àti `sudo update-grub`, kí ẹ sì tún un gbìyànjú.

Bó bá wọlé, `uname -r` á fi orúkọ yín hàn. Ẹ má dúró síbẹ̀ bí mo ṣe dúró. Ẹ ki flash bọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́ orin, ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ pa ìdérí kọ̀ǹpútà dé kí ẹ sì ṣí i padà, kí ẹ wá fi `sudo dmesg --level=err` wo ohun tí kernel ń ráhùn lé lórí.

Láti ọjọ́ náà lọ, àtúnṣe apt kò ní kan kernel yìí mọ́. Bí wọ́n bá dí ihò ààbò kan nínú 6.12, ẹ̀yin lẹ máa gba kóòdù tuntun, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ ọ. Kò ní nira tó ti àkọ́kọ́: ẹ ó da `.config` yín sínú fódà tuntun, ẹ ó tẹ `make olddefconfig`, ẹ ó sì kọ́ ọ bí i ti tẹ́lẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá fẹ́ mọ́, ẹ wọ kernel mìíràn ná kí ẹ tó tẹ `sudo apt remove linux-image-6.12.30-idanwo`.