Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Ètò Ẹ̀kọ́ Ọmọdé Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Ní Òṣogbo, láti Òkè-Fìà títí dé Ọjà Ọba, òbí tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn a máa tan ètò ẹ̀kọ́ fún ọmọ kékeré, a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ní òun nìkan. Lójú tèmi, àṣìṣe tí ó burú jù nìyí. Nígbà tí Sesame Street, ètò ẹ̀kọ́ ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n, bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, àwọn tí ó gbé e kalẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi àwàdà tí àgbàlagbà yóò gbádùn sínú rẹ̀, kí òbí lè jókòó ti ọmọ. Ẹni tí ń pàlọ́ fún ọmọ, bí ó bá ti ní "Àlọ́ o!", yóò dúró de "Àlọ̀!", bí ó bá sì rí i lójú ọmọ pé ọ̀rọ̀ náà kò yé e, yóò tún un sọ. Tẹlifíṣọ̀n kò lè ṣe èyí. Nítorí náà, bí ètò bá ti ka ení, èjì, ẹ̀ta tán, ẹ pa á, kí ẹ ní kí ọmọ ka ọsàn tí ó wà nínú agbọ̀n; bí kò bá lè kà á, orin ni ó há sórí, kò tíì mọ iye.

Àwọn mìíràn a tètè bẹ̀rẹ̀ jù. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2019 ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má wo tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rárá, kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má sì ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Ní 2003, Patricia Kuhl, onímọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń kọ́ èdè, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi èdè Ṣáínà dán àwọn ọmọ oṣù 9 wò: àwọn tí ènìyàn fi èdè náà bá ṣeré lójúkojú dá ìró rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wo ẹni kan náà nínú fídíò kò kọ́ ọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí YouTube máa yan èyí tí ó kàn fún ọmọ.

Ohun tí ó dùn mí jù ni ìgbàgbọ́ pé ètò tí a fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe nìkan ni ó ń la ọmọ lójú. Ní Ifẹ̀ tí kò jìnnà sí wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Bino and Fino, kàtúùnù tí Adamu Waziri ṣe ní Àbújá, wà ní Yorùbá; ẹ kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ han ọmọ. Bí ó bá sì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà nílé, ẹ ní kí ọmọ fi Yorùbá sọ ohun tí ó rí fún yín lẹ́yìn tí ó bá parí.