Ẹ Má Yọ Ilé Fíltà Ọkọ̀ Yín Dànù: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé ní Èkìtì

Ìwé yìí kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wo ọ́ìlì tàbí bí wọ́n ṣe ń bu omi sí rádíétọ̀. Ẹni tó ti ń fi ọkọ̀ kó iṣu ti oko bọ̀ wálé láti ọdún márùn-ún mọ ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo la bá wá, nítorí òun náà là ń rí ṣáá ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀mùò, ní Ìjerò, títí dé Adó: ọkọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí wọ́n ń yọ àpótí dúdú tí fíltà afẹ́fẹ́ ń gbé, tí wọ́n ń fi fíltà olórí ṣóńṣó kan tó ń dán yanran rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á ní àwọ́n ti sọ ọkọ̀ di alágbára.

Ọkọ̀ akẹ́rù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ló mú wa kọ ọ́. Oṣù kọkànlá ni wọ́n yọ ilé fíltà rẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ ń bọ̀ lọ́nà. Kí àkọ́rọ̀ òjò tó rọ̀, ó ti ń jẹ ọ́ìlì lítà kan lọ́sẹ̀, èéfín aláwọ̀ aró sì ń tú nídìí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò láìsàn tẹ́lẹ̀ ni o. Owó tó yẹ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ra ajílẹ̀ lọ́dún náà ni wọ́n fi ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Ohun tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá ni, ó sì ń dun wá títí di òní.

Ohun tí wọ́n ń sọ fún yín

Wọ́n ní ọkọ̀ á máa mí dáadáa, á fi ẹrù gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè láìmí hẹlẹ, epo á sì dín kù. Ohun tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dè é tán, ariwo ni. Àpótí dúdú yẹn, pẹ̀lú àpò ike kékeré tó so mọ́ ọ̀fun rẹ̀, wà níbẹ̀ láti pa ìró afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Ẹ yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á máa bú ramúramù, etí á sì tan awakọ̀ jẹ pé agbára ti dé.

Agbára kankan ò dé. Ọkọ̀ tí kò sí àtúnṣe mìíràn lára rẹ̀, àpótí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń fún un ní gbogbo afẹ́fẹ́ tó lè lò. Ẹ tún wo ibi tí àpótí náà ti ń fa afẹ́fẹ́: ẹnu rẹ̀ yọ sí iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ọkọ̀ tàbí sínú fẹ́ńdà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù. Fíltà ṣóńṣó wà ní gbangba lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fà. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n 10 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì gbóná sí i, yóò fúyẹ́ ní nǹkan bí 3 nínú 100, agbára ọkọ̀ náà á sì dín kù tó bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán oṣù kejì, tí ọkọ̀ ń fi jíà kìíní fa àpò gbágùúdá gun òkè, ẹ fọwọ́ kan orí ẹ́ńjìnnì yín kí ẹ mọ irú afẹ́fẹ́ tí ẹ ń fún un.

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìdíje ń lo irú fíltà yìí lóòótọ́. Àwọn yẹn tún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣe, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀sọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lóòrèkóòrè. Orí ọ̀dà ni wọ́n ti ń sáré. Ẹ̀yin ń kó kòkó jáde láti inú igbó.

Eruku ni ọ̀tá

Lítà bẹntiróòlù kan ń fẹ́ nǹkan bí 9,000 lítà afẹ́fẹ́ kó tó jó tán. Ẹ rọ 40 lítà sínú táǹkì, ẹ́ńjìnnì yín yóò fa 360,000 lítà afẹ́fẹ́ kí epo náà tó parí. Dúrọ́ọ̀mù oní-200 lítà tí à ń gbé omi sí nínú àgbàlá, 1,800 irú rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ ló ń gba inú fíltà yẹn kọjá, pẹ̀lú ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀.

Ohun tó sì wà nínú rẹ̀ níhìn-ín kì í ṣe ìyẹ̀fun. Yanrìn kíkúnná ni, yanrìn sì le ju irin sílíńdà lọ, ìyẹn ihò inú ẹ́ńjìnnì tí epo ti ń jó. Èyí tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad kúnná débi pé lórí tábìlì nìkan la ti ń rí i. Èyí tí táyà ọkọ̀ iwájú ń tú sókè lójú ọ̀nà oko, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Tó bá ráyè wọlé, á pò mọ́ ọ́ìlì, á wá máa pọ́n ríìngì, irin róbótó tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gòkè, àti ara sílíńdà bí òkúta ṣe ń pọ́n àdá. Bí ríìngì bá ti jẹ, ọ́ìlì á máa gòkè wá jó. Èéfín aláwọ̀ aró nìyẹn. Hilux onídíísù kò bọ́ níbẹ̀: tọ́bò rẹ̀, ìyẹn fáànù tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, ni eruku yóò kọ́kọ́ jẹ.

Fíltà pépà tó bá ọkọ̀ wá, ihò rẹ̀ kéré. Èyí tí wọ́n fi òwú hun tí wọ́n sì fi ọ́ìlì rẹ, bíi ti ọ̀pọ̀ fíltà ṣóńṣó, ihò rẹ̀ tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé ó ń mí dáadáa nìyẹn. Ihò tó bá gba afẹ́fẹ́ púpọ̀, yóò gba eruku púpọ̀. Ẹni tó ti fi asẹ́ sẹ elùbọ́ rí kò yẹ kó jiyàn èyí.

Wáyà kékeré inú ọ̀fun náà

Lára ọ̀pọ̀ Toyota tí ẹ ń lò, sẹ́ńsọ̀ kan wà ní kété lẹ́yìn fíltà, tó ní wáyà tín-ín-rín tó ń gbóná. Òun ló ń wọn afẹ́fẹ́ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kí ìyẹn lè mọ iye epo tí yóò tú: afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1, nínú ìwúwo. Bí páìpù ilé iṣẹ́ ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n fi ṣe ìṣirò rẹ̀. Tí ẹ bá fi páìpù tó fẹ̀ jù ú lọ síbẹ̀, irọ́ ni sẹ́ńsọ̀ á máa pa fún kọ̀ǹpútà. Ọ́ìlì ara fíltà olówùú náà sì lè ta sí wáyà yìí, kí eruku lẹ̀ mọ́ ọn.

Iná ẹ́ńjìnnì á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí rewáyà bá fi ẹ̀rọ kà á, àmì àṣìṣe P0101, tó jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ yìí, lè jáde, tàbí P0171, èyí tó ń wí pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ibẹ̀ ni ìnáwó ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ ra púlọ́ọ̀gì, ẹ rà á. Wọ́n á ní fọ́ọ̀mpù epo ni, ẹ rà á. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ dá ilé fíltà padà, nítorí ẹni tó yọ ọ́ náà ni ẹ gbé ọkọ̀ tọ̀ lọ.

A mọ ibi tí àṣà yìí ti wá. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna lọ́dún 1975, kábúrétọ̀, tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ láìlo kọ̀ǹpútà, ló wọ́pọ̀ lára rẹ̀, kò sí sẹ́ńsọ̀ yìí nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè yọ fíltà lónìí kí ọkọ̀ máa lọ, kó má sì mọ ohun tó bàjẹ́ àfi lẹ́yìn oṣù mélòó kan. A kò bú wọn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti yàtọ̀.

Bí ẹ ó ṣe tọ́jú èyí tó bá ọkọ̀ wá

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ẹ ṣí àpótí náà wò ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Nígbà òjò, oṣù kan sí ìkejì tó. Ẹ gbé fíltà síta, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí inú rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá hàn ní ìhà kejì, ẹ dá a padà, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Fíltà pépà tó ti ní eruku díẹ̀ lára ń sẹ eruku ju tuntun lọ, nítorí eruku tó ti wà níbẹ̀ ń bá a dí ihò. Ẹni tó ń fọn ọ́n lójoojúmọ́ kàn ń ba fíltà jẹ́ ni.

Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá hàn mọ́, ẹ gbá a pẹ̀lẹ́ mọ́ igi, ìhà tó dọ̀tí sísàlẹ̀, nǹkan bí ìgbà 10. Tí ẹ bá fẹ́ fi afẹ́fẹ́ fọn ọ́n, láti inú sí òde ni, ẹ jẹ́ kí ẹnu páìpù jìnnà tó 15 sẹ̀ńtímítà, kí géèjì má sì kọjá 30 psi. Kọ̀mprẹ́sọ̀ fọ́kanáísà máa ń ju 100 lọ, á lu pépà náà ní ihò tí ojú yín kò ní rí. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. A ti sọ èyí nínú ìpàdé lóríṣiríṣi, síbẹ̀ a ṣì ń rí fíltà pépà tí wọ́n sá sórí òrùlé bí aṣọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni kí ẹ nu fíltà kan, ẹ ra òmíràn. Lójú ọ̀nà eléruku, ẹ má jẹ́ kó ju 10,000 kìlómítà lọ. Ẹni tó ń rìn nínú Adó nìkan lè lò ó dé 20,000. Ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ ni fíltà dídọ̀tí ti ń mú jẹ epo sí i. Ti onínjẹ́kítọ̀, tí kọ̀ǹpútà ń wọn epo fún, agbára tó fi ń fa ẹrù ni yóò lọ.

Ẹ wo rọ́bà etí fíltà náà, ẹ wo gbogbo kílíìpù àpótí, ẹ wo páìpù rọ́bà tó lọ sí ẹ́ńjìnnì bóyá ó ti sán. Kílíìpù kan tó ṣí sílẹ̀, ó ti sọ gbogbo wàhálà yín dòfo. Ẹ má fi okùn dè é.

Omi

Irú fíltà ṣóńṣó kan tún wà tí páìpù rẹ̀ gùn lọ sẹ́yìn bọ́ńpà nísàlẹ̀, kó lè fa afẹ́fẹ́ tútù. Ẹ má gbé e wọ ojú ọ̀nà wa. Bó bá fa omi ṣẹ́lẹ̀rú tàbí àgbàrá sínú sílíńdà, omi kì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Kọ́ńrọ́ọ̀dù, ọ̀pá irin tó ń ti písítìnì inú sílíńdà, ló máa tẹ̀. Bí omi bá ti kọjá ìdajì táyà, ẹ dúró dè é kó fà. Bí ọkọ̀ bá kú sínú omi, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́, ẹ fà á jáde kí mẹkáníìkì yọ púlọ́ọ̀gì wò.

Èyí tó tọ́ sí àgbẹ̀

Bí ẹ bá ní owó tí ẹ fẹ́ ná sí ọ̀nà afẹ́fẹ́ Hilux tàbí ọkọ̀ oko mìíràn, páìpù gíga tó ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú gòkè dé òrùlé ni kí ẹ rà, tó ní abọ́ tó ń yí eruku dànù lórí, bíi ti tirakítọ̀. Eruku kò pọ̀ lókè bíi ti ìsàlẹ̀. Àpótí ilé iṣẹ́ wà níbi tó wà, fíltà pépà wà nínú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà nìkan la gbé ga. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dè ni kó dè é, kí oríkèé rẹ̀ má jò.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé àti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ń lo fóòmù dípò pépà. Ìyẹn ni ẹ lè fi omi ọṣẹ fọ̀. Ẹ fún un gbẹ, ẹ sá a sí ibòji, ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i lára, kí ẹ fún un títí tí kò fi ní kán mọ́, kí ẹ tó dá a padà.

Ẹni tó ti yọ tirẹ̀, bí àpótí náà bá ṣì wà ní ìsọ̀ mẹkáníìkì, ẹ lọ gbà á lónìí, wọ́n máa ń tà á. Bí ó bá ti lọ, ẹ wá tòkunbọ̀ tó bá ọdún àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín mu. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka kílíìpù rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ike rẹ̀ sán, ẹ sì rí i pé ihò sẹ́ńsọ̀ wà lára rẹ̀ àti pé páìpù ẹnu rẹ̀ bá a wá. Kí wọ́n fi oògùn fífín tí wọ́n ṣe fún sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ nìkan fọ wáyà náà, kí wọ́n má fọwọ́ tàbí aṣọ kàn án, kí ó gbẹ fún ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà ni kí rewáyà pa iná dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ wakọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta láìkó ẹrù, kí ẹ sì wo ọ́ìlì ní àràárọ̀.