Ẹ Má Sọ Sányán Di Ewédú: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Ran Án

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan gbé odidi àpò ìtẹ́ sányán, ṣẹ́dà inú igbó tiwa, wá bá mi. Ó ti ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń fa ṣẹ́dà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wá orí òwú tí yóò fà lára ìtẹ́ náà, kò rí i. Mo ní, “Àbúrò, o ò ní rí i láéláé.”

1. Ẹ má wá orí òwú kankan. Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí tán, nítorí ó ti sú mi. Kòkòrò ṣẹ́dà ti Ṣáínà, ẹyọ kan ló ń hun ilé kan. Òwú kan ṣoṣo ló fi ń yí ara rẹ̀ ká, ó sì lè gùn tó 1,000 mítà. Wọ́n á rì í sómi gbígbóná, wọ́n á rí orí rẹ̀, wọ́n á máa fà á. Tiwa kọ́ nìyẹn. Kòkòrò Anaphe tó ń hun sányán, lórí igi inú igbó bí arère, ọ̀pọ̀ wọn ló ń pawọ́ pọ̀ hun àpò ńlá kan tó le bíi bébà. Kálukú á tún wá hun tirẹ̀ sínú àpò náà. Gbogbo rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra. Ta ló fẹ́ tú u? Ńṣe là ń ran án lórí igi ìrànwú bí a ti ń ran òwú. Ẹ̀rọ yẹn, ẹ lọ tà á.

2. Ẹ má fọwọ́ lásán tú ìtẹ́. Irun ara kòkòrò ṣì wà níbẹ̀, ẹ ó họra débi ọrùn.

3. Ẹ má fi kọ́sítíkì sódà sè é. Èmi tí mò ń báni wí yìí ti ṣe é rí. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n fi omi eérú sè é, kí n máa tẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ń kán mi. Mo da sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ sí i, mo lọ jẹ ẹ̀bà. Nígbà tí mo padà dé, ó ń yọ̀ nínú ìkòkò bí ewédú. Ìyá fi igi rò ó, ó wò mí lójú, ó ní, “Ṣé ká ro ọkà sí i ni?” Bí irun orí ni ṣẹ́dà rí, ara kòkòrò ló ti wá. Sódà tó le á jẹ ẹ́ tán. Omi eérú ni kí ẹ lò. Bó bá ti rọ̀, tó ń là lọ́wọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ ṣàn án dáadáa.

Ẹ má sá a sóòrùn ọ̀sán gangan. Ẹ má pa á láró, àwọ̀ ara rẹ̀ gan-an lẹni tó mọ̀ ọ́n ń ra.

Lórí òfì ńkọ́? Iṣẹ́ ò tíì mọ́ yín lọ́wọ́, òwú sányán yín ò dọ́gba, ẹ wá nà án gbalaja sórí òfì. Jíjá ni yóò máa já, síso lẹ ó sì fi gbogbo ọjọ́ náà ṣe. Òwú lásán ni kí ẹ nà, kí sányán máa bá ọ̀kọ̀, igi tó ń gbé òwú kọjá láàárín aṣọ, lọ, kó máa bá a bọ̀.

Ẹ má sì gba ìbúra ọlọ́jà gbọ́. Ẹ fa òwú kan yọ, ẹ ṣáná sí i. Ṣẹ́dà á rùn bí irun tó jó, eérú rẹ̀ á rún lọ́wọ́. Réyọ̀n, òwú dídán tí wọ́n fi igi ṣe, á rùn bíi bébà. Pọ́líẹ́sítà, òwú oníke, á yọ́, á dì bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ra réyọ̀n lówó sányán. Lẹ́ẹ̀kejì yẹn, ìṣáná wà lápò mi.